Òǹdè ogun: ta ló yẹ kí ó jẹ́ aláṣẹ lórí ọ̀rọ̀ wọn nínú ìjọba?

Tíṣà Ìgbógbó béèrè pé:

Mo kí gbogbo ilé, àgbà àti èwe. Olùkọ́ ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní ìhà Ìgbógbó, ní Ìkòròdú níbí, ẹ̀kọ́ ìṣèjọba ni mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ SS2. Ọ̀sẹ̀ méjì sí i ni àwọn ọmọ mi yóò ko ilé ẹ̀kọ́ mìíràn lójú nínú àríyànjiyàn. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbé ka iwájú wa ni pé, bí ogun bá dé, tí ọ̀tá mú ọmọ ogun wa, tí àwa náà sì mú tiwọn, ẹ̀ka ìjọba wo ló yẹ kí ó jẹ́ aláṣẹ lórí ọ̀rọ̀ àwọn òǹdè náà? Iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n ní kí tiwa gbè lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ti ọ̀hún ni yóò gbè lẹ́yìn àwọn ológun.

Mo kọ́kọ́ rò pé kò ju kí n ṣí Àdéhùn Geneva, òfin àgbáyé lórí bí a ṣe ń ṣe sí àwọn tí ọwọ́ tẹ̀ lójú ogun, kí n ka ibi tí ìdáhùn wà fún àwọn ọmọ. Mo ka èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọdún 1929, mo sì ka ẹ̀kẹta nínú mẹ́rin ti ọdún 1949, tí orílẹ̀-èdè wa náà wọ̀ ní 1961. Òfin náà kò fi ọ̀rọ̀ ṣeré rárá. Ó sọ pé kí ọ̀sẹ̀ kan má kọjá lẹ́yìn tí òǹdè bá dé àgọ́ kí wọ́n tó jẹ́ kí ó kọ káàdì ránṣẹ́ sílé pé ọwọ́ ti tẹ òun. Ó sọ pé orúkọ rẹ̀, ipò rẹ̀, ọjọ́ ìbí rẹ̀ àti nọ́ńbà rẹ̀ nínú iṣẹ́ ológun nìkan ni ó di dandan fún un láti sọ. Ó tún pàṣẹ pé kí ìjọba kọ̀ọ̀kan tí ó bá wà lójú ogun dá ibùdó ìròyìn kan sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ òǹdè. Ṣùgbọ́n abẹ́ ta ni kí ibùdó náà wà? Bí ọ̀gágun bá ní báyìí ni, tí mínísítà ní báyìí kọ́, ti ta ni kí á tẹ̀ lé? Òfin dákẹ́ níbẹ̀, ó fi í sílẹ̀ fún onílé láti tún ilé rẹ̀ ṣe.

Ìdí mìíràn wà tí ọ̀rọ̀ yìí fi wọ̀ mí lára. Bàbá bàbá mi wà lára àwọn tí wọ́n kó lọ sí Bọ́mà nígbà ogun Hitler. Inú agolo bisikíìtì kan ni àwọn ìwé rẹ̀ wà títí di òní, agolo náà ti dípẹtà ní gbogbo igun rẹ̀, ìwé owó-oṣù rẹ̀ sì ti rọ̀ bí aṣọ tí wọ́n ti fọ̀ fún ogún ọdún. Ó máa ń sọ fún wa nípa ọmọkùnrin kan tí wọ́n jọ kúrò ní Ìkòròdú, tí wọn kò rí mọ́ ní ọjọ́ kan ní 1944 lẹ́bàá odò Kaladan. Ìyá ọmọ náà lọ béèrè ní ọ́fíìsì ìjọba kan níhìn-ín, wọ́n ní kí ó lọ sí Èkó. Ó wọkọ̀ ojú omi ní Ẹ̀bútè, ó dé Èkó, wọ́n ní àwọn ológun ló mọ̀. Àwọn ológun ní ìwé kò tíì dé láti òkè òkun. Bóyá Jàpáànù ló mú un, bóyá igbó ló gbé e, ìyá náà kú láìgbọ́. Bàbá àgbà a máa sọ pé, bí ó bá ṣe ogun ayé àtijọ́ ni, irú ìyà yìí kì bá tí jẹ ẹ́, nítorí pé ẹni tó bá mú òǹdè ni olówó rẹ̀, àwọn ẹbí rẹ̀ á sì mọ agbo ilé tí wọn yóò gbé owó ìràpadà lọ.

Ohun tí mo ń béèrè nìyí: ǹjẹ́ ẹ mọ ìgbà tí àwọn ẹ̀ka ìjọba kan náà ti ń bára wọn fà á lórí òǹdè, tí mo lè fi ṣe àpẹẹrẹ? Kí sì ni ìjà náà dá lé lórí gan-an? N kò fẹ́ kí àwọn ọmọ wọ̀nyí lọ dúró síwájú adájọ́ kí wọ́n máa wí pé kí gbogbo ẹ̀ka fọwọ́ sowọ́ pọ̀. Ta ni kò mọ ìyẹn?

Akọ̀wé Ẹ̀bútè dáhùn pé:

Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣiṣẹ́ ìjọba kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé fáìlì tí ọ̀gá méjì bá ń fọwọ́ sí, ìjà ti wà nínú rẹ̀ kí ìwé kankan tó wọ ibẹ̀. Èyí tí yóò wúlò jù lọ fún àwọn ọmọ yín ni ti Amẹ́ríkà nígbà ogun Vietnam, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́.

Ìjọba Àríwá Vietnam wọ Àdéhùn Geneva ní 1957, ṣùgbọ́n ó yọ abala 85 sílẹ̀, èyí tó dáàbò bo òǹdè tí wọ́n bá dá lẹ́bi ohun tí ó ṣe kí ọwọ́ tó tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í já bàálù Amẹ́ríkà lulẹ̀, wọ́n ní àwọn tó ń wà á kì í ṣe òǹdè ogun rárá, ọ̀daràn ni wọ́n. Ní ọjọ́ 6 oṣù Keje ọdún 1966, wọ́n fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ so bí àádọ́ta nínú wọn pọ̀ ní méjì-méjì, wọ́n ń fi wọ́n rìn kiri òpópónà Hanoi, olú-ìlú wọn, èrò ń lù wọ́n, wọ́n sì ń ya àwòrán wọn. Ọdún yẹn náà ni Ààrẹ Johnson gbé ọ̀rọ̀ àwọn òǹdè lé Averell Harriman lọ́wọ́, àgbà nínú iṣẹ́ aṣojú, tí ó wà ní iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè. Ọ̀nà tí Harriman gbà ni ọ̀nà ìdákẹ́jẹ́: kí á gba ẹ̀yìn lọ bá àwọn ìjọba tí Hanoi ń gbọ́ tiwọn, kí á bẹ Red Cross, kí á má sì ṣe pariwo tí yóò mú kí ọ̀tá le sí i.

Àwọn ti iléeṣẹ́ ètò ààbò kò lè fi gbogbo ẹnu ṣe àmín sí èyí. Wọ́n wò ó pé ọmọ ogun tàwọn ni àwọn ènìyàn wọ̀nyí, àwọn ló ń san owó-oṣù wọn, àwọn ló ń kan ilẹ̀kùn ìyàwó wọn, bí ó bá sì di pé kí wọ́n lọ já wọn gbà nínú igbó, àwọn náà ni. Ní 1967, wọ́n dá ìgbìmọ̀ tiwọn sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ òǹdè. Báyìí ni ọ̀rọ̀ kan náà ṣe wá ní ìgbìmọ̀ méjì nínú ìlú kan náà. Ẹ má sì gbàgbé pé ológun orí omi àti ológun òfuurufú náà ní ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tí wọ́n ń gbà bá ẹbí sọ̀rọ̀.

Kí ni àwọn ẹbí rí gbà? Ohun tí wọ́n ń gbọ́ ni pé kí wọ́n pa ẹnu mọ́. Ọkọ Sybil Stockdale, ìyẹn James Stockdale tí ó jẹ́ awakọ̀ bàálù fún ológun orí omi, jábọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1965. Obìnrin yìí dákẹ́ bí wọ́n ṣe ní kí ó dákẹ́, ó ń tọ́jú àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́rin ní California, ó sì ń kó àwọn ìyàwó bíi tirẹ̀ jọ sílé láti jọ máa sọ ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá gbọ́. Nígbà tí ó fi máa di ìparí 1968, ó ti sú u, ó gbé ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé ìròyìn. Ọjọ́ 19 oṣù Karùn-ún ọdún 1969 ni Melvin Laird, mínísítà tuntun fún ètò ààbò lábẹ́ Ààrẹ Nixon tó gbapò Johnson, bọ́ síta níwájú àwọn oníròyìn tí ó dá Hanoi lẹ́bi ní gbangba. Ó ní kí wọ́n mú orúkọ gbogbo àwọn tó wà lọ́wọ́ wọn jáde, kí wọ́n sì tú àwọn aláìsàn sílẹ̀. Àwọn kan ní iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ń bẹ̀rù pé yóò ba ìjíròrò àlàáfíà jẹ́.

Láti ìparí ọdún yẹn ni ìyà tí wọ́n fi ń jẹ àwọn òǹdè náà ti dínkù. Àwọn kan ní ariwo Laird àti ti àwọn ìyàwó ló ṣe é. Àwọn mìíràn ní ikú Ho Chi Minh ní oṣù Kẹsàn-án 1969 ló yí nǹkan padà. N kò ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Òǹdè 591 ló padà sílé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1973.

Ẹ béèrè pé kí ni ìjà náà dá lé lórí. Bí mo ṣe yẹ̀ ẹ́ wò, kì í ṣe ẹni tó fẹ́ràn òǹdè jù. Lójú iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, òǹdè jẹ́ gbólóhùn kan nínú ọ̀rọ̀ gígùn tí wọ́n ń bá ìjọba ọ̀tá sọ, bí ó bá sì gbà kí gbólóhùn yẹn dúró de èyí tó ṣáájú rẹ̀, yóò dúró. Lójú àwọn ológun, ọmọ ogun tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ni, owó-oṣù rẹ̀ ṣì ń wọlé, ọ̀gá rẹ̀ ṣì wà tí ó gbọ́dọ̀ jíhìn fún ìyàwó rẹ̀. Àwọn méjèèjì ló tọ̀nà, ìdí nìyẹn tí ìjà náà kò fi tán. Ẹ mọ̀ pé ọdún mẹ́ta ìdákẹ́jẹ́ yẹn gan-an ni àwọn ọmọ ti ọ̀hún yóò sọ lu tiyín lórí, nítorí náà ẹ tètè wá èsì sí i.

Tíṣà Ìgbógbó kọ pé:

Bàbá, ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀mí yín yóò gùn. Ọ̀rọ̀ "gbólóhùn" yẹn ni mo ti kọ sójú pátákó. Ṣùgbọ́n ti Amẹ́ríkà ni èyí, níbi tí ìjọba kan wà lábẹ́ ààrẹ kan. Báwo ni ó ṣe rí nígbà ti bàbá àgbà mi, tí ó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ló ń pàṣẹ fún ọmọ ogun oríṣiríṣi ilẹ̀?

Ọmọ Ṣábó dáhùn pé:

Ẹ̀gbọ́n Tíṣà, ẹ jẹ́ kí n gba ibẹ̀ wọlé. Ní London, iléeṣẹ́ ogun ní ẹ̀ka tirẹ̀ fún òǹdè, iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè náà ní tirẹ̀, àwọn Red Cross tó ń di ẹrù oúnjẹ ránṣẹ́ sí àgọ́ tún wà lọ́tọ̀. Ní 1941, wọ́n dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ tí àwọn aṣojú Kánádà, Australia, New Zealand àti South Africa ń jókòó nínú rẹ̀, kí ohùn lè ṣọ̀kan. Àwa kò ní àga níbẹ̀. Iléeṣẹ́ tó ń mójú tó àwọn ilẹ̀ àmúnisìn ní London ló ń sọ̀rọ̀ lórúkọ wa. Ìyá tó wọkọ̀ ojú omi ní Ẹ̀bútè yẹn, ìdáhùn rẹ̀ yóò ti gba ọwọ́ bí ẹni mẹ́fà kọjá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Jàpáànù pàápàá tún ti fọwọ́ sí àdéhùn 1929 ṣùgbọ́n kò sọ ọ́ di òfin ní ilẹ̀ rẹ̀, ìlérí tí ó ṣe ní 1942 ni pé òun yóò máa tẹ̀ lé e níbi tí ó bá bá òun lára mu.

Ìgbìmọ̀ 1941 yìí dára lójú ìwé. Ẹ wá wo bí ó ṣe rí nígbà tí iná jó dé orí kókó. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ ọdún 1942, àwọn ọmọ ogun bí 6,000, tí ọmọ Kánádà pọ̀ jù nínú wọn, kọlu Dieppe ní etíkun Faransé. Ìkọlù náà forí ṣánpọ́n, ọwọ́ Jámánì sì tẹ ọmọ Kánádà tó lé ní 1,900. Àwọn ará Jámánì rí ìwé àṣẹ kan he níbẹ̀ tó ní kí àwọn tó wá kọlù wọ́n máa di àwọn tí wọ́n bá mú lọ́wọ́. Nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹwàá, àwọn kọmándò Gẹ̀ẹ́sì wọ erékùṣù Sark lóru, wọ́n di àwọn ará Jámánì mélòó kan lọ́wọ́, wọ́n sì yìnbọn pa nínú wọn. Hitler fárígá. Láti ọjọ́ 8 oṣù náà ni wọ́n ti di òǹdè 1,376 tí wọ́n mú ní Dieppe lọ́wọ́.

Churchill, olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, àti àwọn mínísítà rẹ̀ pinnu lójú ẹsẹ̀ pé àwọn náà yóò di iye kan náà nínú òǹdè Jámánì. Ibo wá ni àwọn òǹdè Jámánì wà? Kánádà ni púpọ̀ nínú wọn wà, nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì ti kó wọn lọ síbẹ̀ nígbà tí ẹ̀rù ń bà á ní 1940 pé Jámánì lè wọlé tọ òun wá. Ọmọ Kánádà náà ló pọ̀ jù nínú àwọn tí Jámánì dè. Ẹ rí i pé London ló pàṣẹ, ọrùn Kánádà ni ẹrù méjèèjì wà, wọn kò sì bi í léèrè kí wọ́n tó pinnu. Ìjọba Mackenzie King ní Kánádà gbà tìkọ̀-tìkọ̀. Ní àgọ́ Bowmanville tó wà níbẹ̀, àwọn ọ̀gá ológun Jámánì kọ̀ jálẹ̀ pé a kò ní de àwọn, ó sì di ìjà tó gba ọjọ́ mélòó kan kí àwọn ẹ̀ṣọ́ tó ká wọn. Jámánì náà wá sọ iye tí ó dè di ìlọ́po mẹ́ta. Àwọn àgbà ní ẹni bá da eérú ni eérú ń tọ̀. Níbí yìí, Churchill ló da eérú, ojú ọmọ Kánádà ló kún.

Kánádà kò yé fi ọ̀rọ̀ náà pá London lórí, àwọn ará Switzerland tí wọ́n jẹ́ alárinà sì ń lọ, wọ́n ń bọ̀. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá, Gẹ̀ẹ́sì àti Kánádà tú tiwọn sílẹ̀. Jámánì kò tú tirẹ̀ títí di oṣù Kọkànlá ọdún 1943.

Ohun tí n kò lè gbàgbé nínú ìtàn náà ni ti àwọn òǹdè tí Jámánì dè ní àgọ́ Lamsdorf. Okùn tí Red Cross fi di ẹrù oúnjẹ wọn ni wọ́n kọ́kọ́ fi dè wọ́n. Nígbà tó yá, wọ́n kó ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ dé, èyí tó ní ṣéènì láàárín. Kò pẹ́ tí àwọn òǹdè fi rí i pé irin kékeré tí a fi ń ṣí agolo sàdíìnì lè tú u. Ẹ̀ṣọ́ á kó o wọlé láàárọ̀, wọ́n á wọ̀ ọ́; bí ó bá ti yíjú, wọ́n á tú u, wọ́n á so ó kọ́. London ń kọ̀wé sí Ottawa, olú-ìlú Kánádà, Ottawa ń kọ̀wé sí London, kọ́kọ́rọ́ sàdíìnì ti parí ọ̀rọ̀ ní Lamsdorf.

Sójà Àná dáhùn pé:

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀, ó sì dà bí ẹni pé gbogbo yín ti fẹ́ dá àwọn ológun lẹ́jọ́ kí wọ́n tó dé kóòtù. Mo wọ aṣọ yẹn fún ọdún mẹ́tàlélógún. Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ kí Tíṣà fi síwájú àwọn ọmọ: lóru, bí òjò bá ń rọ̀, tí ẹgbẹ̀rún ọ̀tá wà nínú wáyà, ta ló dúró sí ẹnu ọ̀nà? Kì í ṣe aṣojú ìjọba.

Ẹ wo ogun Kòríà. Ìjíròrò láti fi òpin sí ogun náà bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Keje ọdún 1951. Nígbà tí ó di 1952, ohun tó le jù tó ṣẹ́ kù ni ọ̀rọ̀ òǹdè. Àdéhùn 1949 ní kí á dá wọn padà láìjáfara bí ìjà bá ti dáwọ́ dúró, ṣùgbọ́n ẹgbẹẹgbẹ̀rún ará Ṣáínà àti Àríwá Kòríà tó wà lọ́wọ́ Amẹ́ríkà ní àwọn kò padà sílé mọ́. Àwọn tó ń gba Truman, ààrẹ Amẹ́ríkà, nímọ̀ràn bá ara wọn fà á: àwọn kan ní bí a kò bá dá gbogbo wọn padà, àwọn tiwa kò ní tètè padà, àwọn kan ní a kò lè fi ipá ti ènìyàn sẹ́nu ikú. Truman gbè sẹ́yìn àwọn kejì. Mo rò pé ó ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n ó lé ní ọdún kan tí ìbọn fi ń dún lórí ọ̀rọ̀ yẹn, àwọn tó ń kú sí òkè Kòríà kò sì sí nínú yàrá tí wọ́n ti ń pinnu.

Nínú àgọ́ ńkọ́? Ní ọjọ́ 7 oṣù Karùn-ún ọdún 1952, àwọn òǹdè tó wà ní erékùṣù Koje fa ọ̀gá àgọ́ náà fúnra rẹ̀, Ọ̀gágun Francis Dodd, wọ inú wáyà, wọ́n sọ ọ́ di òǹdè tiwọn fún ọjọ́ mẹ́ta. Ọdún kejì, ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹfà, Ààrẹ Gúúsù Kòríà, Syngman Rhee, tí kò fẹ́ kí wọ́n dáwọ́ ìjà dúró, ní kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn àgọ́. Òǹdè tó lé ní 25,000 tú jáde lóru kan, Amẹ́ríkà tí ó ń bá a jagun pọ̀ kò sì fọwọ́ sí i. Ọ̀rẹ́ méjì tó ń jagun pa pọ̀ nìyẹn o, kì í ṣe ọ̀tá. Ọjọ́ 27 oṣù Keje ni wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé. Àwọn tó lé ní 22,000 tí wọ́n ní àwọn kò lọ sílé ni wọ́n kó lé ìgbìmọ̀ àwọn aláìdásíì lọ́wọ́, tí Íńdíà jẹ́ alága rẹ̀.

Kí àwọn ọmọ yín má sì rò pé ológun ni ó máa ń fẹ́ tẹ òfin lójú. Ní oṣù Kìíní ọdún 2002, nígbà tí ìjọba Ààrẹ Bush ti Amẹ́ríkà ń jiyàn bóyá Àdéhùn Geneva kan àwọn Taliban tí wọ́n mú ní Afghanistan, agbẹjọ́rò ilé ìjọba, Alberto Gonzales, ní kò kàn wọ́n. Ẹni tó kọ̀wé pé kí ààrẹ tún un rò ni Colin Powell. Iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ni Powell wà nígbà yẹn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀gágun tó ti fẹ̀yìn tì ni, olórí àwọn ológun ní ọjọ́ yẹn náà sì fẹ́ kí wọ́n tẹ̀ lé Àdéhùn náà. Ológun mọ̀ pé ohun tí òun bá ṣe fún ẹni tí òun mú lónìí ni wọn yóò ṣe fún òun bí ọwọ́ bá tẹ òun lọ́la. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kejì, Bush ní àwọn Taliban kì í ṣe òǹdè ogun.

Ìyá Ìpàkodò dáhùn pé:

Ẹ̀yin bàbá, mo júbà. Ọ̀rọ̀ tí bàbá àgbà Tíṣà sọ nípa ogun ayé àtijọ́ ni mo fẹ́ fọwọ́ kàn, nítorí pé ẹ gbogbo yín ti fò ó kọjá, mo sì mọ̀ pé ọmọ kan yóò dìde sọ ọ́ lọ́jọ́ àríyànjiyàn.

Òótọ́ ni pé olówó òǹdè kì í farasin. Ṣùgbọ́n fún ìgbà wo? Ọdún 1821 ni ogun kó Àjàyí, tí a wá mọ̀ sí Bíṣọ́ọ̀bù Crowther, ní Òṣogùn. Ọjọ́ tí wọ́n mú un, ìyá rẹ̀ mọ ẹni tó mú un, nítorí pé wọ́n jọ mú wọn ni. Kò pẹ́ tí wọ́n fi pàṣípààrọ̀ rẹ̀ fún ẹṣin kan. Wọ́n dá a padà, wọ́n tún tà á, ó ń ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́ títí ó fi dé Èkó, tí àwọn Pọtogí kó o sínú ọkọ̀. Ìgbà tí òun àti ìyá rẹ̀ tún fojú kan ara wọn, ọdún 1846 ni, ní Abẹ́òkúta, ó ti di òjíṣẹ́ Ọlọ́run. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n! Olówó kan ṣoṣo tí kò sí ẹni tó lè bi í léèrè ọ̀rọ̀ kò sàn ju ọ́fíìsì mẹ́fà tí ń ti ènìyàn síra wọn lọ. Àwa tí a wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀sà yìí, láti Ẹ̀pẹ́ títí dé Àgbádárìgì, ó yẹ kí á mọ ibi tí òǹdè tí a bá tà ń gbà kọjá.

Nítorí náà, Tíṣà, èmi kò ní jà lórí ẹni tó jẹ́ ọ̀gá. Ibi tí ìwé orúkọ wà ni n ó dì mú. Kí àwọn ológun máa ṣọ́ àgọ́, kí àwọn aṣojú máa bá ọ̀tá sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kí orúkọ wà níbì kan tí ìyá lè rìn wọ̀, tí ẹ̀ka kankan kò sì ní àṣẹ láti sọ fún un pé kí ó lọ padà wá. Ní oṣù Kẹta ọdún 2022, lẹ́yìn tí Rọ́ṣíà ya wọ Ukraine, ìjọba ibẹ̀ dá ibùdó kan ṣoṣo sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ òǹdè, tí àwọn ológun, àwọn ọlọ́pàá àti àwọn mínísítà jọ wà nínú rẹ̀. Ọ̀gá àwọn amí ológun nígbà náà, Kyrylo Budanov, ni wọ́n fi ṣe olórí rẹ̀. Ẹ ò rí i pé ológun ni. Ẹ lọ wá ohun tí ẹ ó fi dá ìyẹn lóhùn.

Tíṣà Ìgbógbó kọ pé:

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin òbí mi. Ìyá Ìpàkodò, ẹ ti já irọ́ tí mo ń fi tu ara mi nínú láti kékeré, mo sì gbà. Ohun tí a ó sọ ti yàtọ̀ sí ti ìbẹ̀rẹ̀. A ó gbà fún àwọn ti ọ̀hún pé ológun ló ń ṣọ́ àgọ́, a ó sì mú ọ̀rọ̀ Koje wá kí wọ́n tó mú un wá. A ó wá sọ pé òǹdè wà lọ́wọ́ ìjọba mìíràn, pé ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ bíbá ìjọba mìíràn sọ̀rọ̀ ló yẹ kí ó ṣáájú, ṣùgbọ́n ìwé orúkọ kò gbọ́dọ̀ wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ nìkan. Ti Ukraine ṣì ń dà mí láàmú. Ọmọ kan nínú kíláàsì ti ní kí á sọ pé ẹni tó jẹ́ olórí kọ́ ló ṣe pàtàkì níbẹ̀, pé àwọn tó bá a jókòó ni. N kò tíì mọ̀ bóyá adájọ́ yóò gbà á.

Ọjọ́ Ẹtì, agogo méjì ọ̀sán, ni a ó kọ́kọ́ dán an wò nínú kíláàsì. Bàbá Akọ̀wé, bí ẹ bá lè gba ọkọ̀ láti Ẹ̀bútè wá, inú mi yóò dùn kí ẹ ṣe adájọ́ fún wa. Sójà Àná, ẹ̀yin náà, bí ẹ kò bá ní gbè sẹ́yìn ẹnì kankan. Mo máa mú agolo bisikíìtì náà dání, kí àwọn ọmọ lè fọwọ́ kan ìwé owó-oṣù yẹn.